Ṣíbí fún Omi Pupa

Ọdún tí ojú ọkọ mi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe bàìbàì ni mo kọ́kọ́ tẹ̀ lé e lọ sí odò. Kó tó di ìgbà náà, n kì í bá a lọ. Aṣọ la jọ ń tà ní ọjà Wadata ní Niamey láti ìgbà tí a ti kúrò ní Ìlọrin, a sì ń wo ara wa lójú láti àárọ̀ títí ilẹ̀ fi ń ṣú. Lọ́jọ́ Àìkú, tó bá gbé ọ̀pá ìwọ̀ rẹ̀ wọ takisí lọ sí etí odò, mo máa ń gbà pé ó lọ sinmi kúrò lọ́dọ̀ mi ni. Èmi náà a sì sinmi.

Dókítà ojú sọ fún wa pé ohun tí àìsàn náà bá ti mú lọ, kì í dá a padà. Láti ẹ̀gbẹ́ ló ti ń jẹ ìríran rẹ̀ wọlé, títí ohun tó kù fi dà bí ìgbà tí èèyàn ń yọjú wo ìta láti inú ihò kọ́kọ́rọ́. Ó fi ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀ fún àbúrò rẹ̀, ṣùgbọ́n kò fi odò sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ wá di ta ni yóò máa mú un lọ. Àwọn ìbejì wa ti wà nílé ọkọ. Èmi ló kù.

Inú agolo mílíìkì ló ń kó ìdẹ rẹ̀ sí. Kì í ṣe ekòló. Irin pẹlẹbẹ kékeré ni, ó ń dán, wọ́n so ó mọ́ wáyà lókè ìwọ̀. Bí a bá ń fà á nínú omi, á máa yí, ẹja á sì rò pé ẹja kékeré kan ló ń sá lọ. Ṣíbí ni àwọn tó gbọ́ Faransé ní Niamey ń pè é, bẹ́ẹ̀ náà ni àwa ń pè é. Ó da gbogbo rẹ̀ sórí ẹní láti kọ́ mi, ó ń fi àtàǹpàkò wá etí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Èyí tó tẹ́ẹ́rẹ́ bí ewé dongoyárò máa ń yí kíákíá, ó sì máa ń sún mọ́ wáyà. Dídán ló fi ń pe ẹja. Èyí tó rí róbótó máa ń fẹ̀ bó bá ń yí, ó sì máa ń mi omi débi tí ọwọ́ ẹni tó ń fà á fi ń gbọ̀n; gbígbọ̀n ló fi ń pe ẹja. Èyí tó dà bí ẹyin wà láàárín àwọn méjèèjì, kò sì fẹ́ràn rẹ̀. Ó ní kò mọ ibi tó ń lọ.

Ewé ni tirẹ̀. Òun ló ń lò ní gbogbo ìgbà tó fi ń ríran dáadáa.

Àsìkò òjò la kọ́kọ́ jọ lọ, nígbà tí odò ń pọ́n bí ilẹ̀ títì tí wọn kò da ọ̀dà sí. Ọmọ ẹ̀yà Zarma kan tó ti ń fi ọkọ̀ gbé e tipẹ́ ló gbé wa. Alájì, ọkọ mi, ní kí n so ewé, mo so ó. Ó jù ú sómi, ó ń ká okùn bọ̀, ó bi mí bóyá ó ń yí. Mo ní ó ń yí. Mo rí i nígbà tó sún mọ́ ọkọ̀. Kó tó dé ibẹ̀, omi pupa nìkan ni mo ń wò. Gbogbo ìgbà tó bá jù ú ló ń béèrè. Ẹja kankan kò sún mọ́ wa. Nígbà tí oòrùn mú, ọ̀rọ̀ náà sú mi.

“Alájì, ẹ jẹ́ kí n fi róbótó sí i.”

Ó ní ewé ni òun ń lò kí a tó bí àwọn ìbejì, pé róbótó wúwo, ó dà bíi kí èèyàn máa fa bàtà tí omi kún inú rẹ̀.

“Ẹ̀yin náà lẹ sọ pé ó máa ń gbọn ọwọ́. N kò lè máa bá yín wo ohun tí n kò rí.”

Ọlọ́kọ̀ kò gbọ́ Yorùbá, ṣùgbọ́n ó gbé àjẹ̀ sílẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́n omi tí kò tó nǹkan kúrò nínú ọkọ̀. Alájì na ọ̀pá sí mi. Mo so róbótó kan ṣoṣo tó wà nínú agolo. Ó fọwọ́ wá ìdì tí mo dì, ó tú u, ó fúnra rẹ̀ tún un dì.

Nígbà tó jù ú, n kò wo omi mọ́. Ọwọ́ rẹ̀ ni mo ń wò. Ọrùn ọwọ́ rẹ̀ le, lẹ́yìn náà ó rọ̀.

“Ìyá Ìbejì, ó ń yí,” ló wí.

Kò bi mí léèrè mọ́ lọ́jọ́ náà. Nígbà tó ku díẹ̀ kí a padà, nǹkan kan gbá ṣíbí mú, ó já okùn, ó gbé e lọ. Alájì rẹ́rìn-ín. Ó ní ẹja eléyín ni, òun mọ̀ ọ́n bó ṣe ń fà. A padà sílé láìmú nǹkan kan.

Mo lọ sí àdúgbò Zongo lọ́jọ́ kejì, lọ́dọ̀ Hausa kan tó ń ta àwọ̀n àti ìwọ̀. Ewé tí wọ́n kun àmì pupa sí lára ló kọ́kọ́ gbé síwájú mi, ó ní òun ni gbogbo èèyàn ń rà. Mo fi Hausa sọ fún un pé ẹni tó fẹ́ lò ó kò nílò kó dán. Ó rò pé mo ṣi ọ̀rọ̀ sọ ni, ó bá fi Faransé tún tirẹ̀ sọ. Mo ṣa àwọn róbótó, tínrín àti nínípọn, mo sì lọ.

Nílé, mo pọn omi kún ọpọ́n tí mo fi ń fọṣọ. Alájì jókòó tì í, ó ń fi ìka fa okùn, èmi ń wò. Ewé kò yí rárá. Omi ọpọ́n kò gùn tó fún un. Èyí tó nípọn lọ́ra kó tó bẹ̀rẹ̀. Èyí tó jẹ́ tínrín yí bó ṣe fi kan omi, mo sì rí i lójú rẹ̀ kó tó sọ pé òun nìyẹn.

Òun ló fi mú ẹja kapitéènì kan tó gùn tó apá mi, láàárín òjò náà. Nígbà tí ọyẹ́ dé tí omi mọ́, ọlọ́kọ̀ sọ fún wa pé ewé ni àwọn yòókù fi ń pa ẹja. Mo bi Alájì bóyá kí n pààrọ̀ rẹ̀. Ó ní kí n kó gbogbo ewé fún ọlọ́kọ̀. Mo kó o fún un.

Ní báyìí, ìmọ́lẹ̀ nìkan ló ń rí. Ó mọ fèrèsé yàtọ̀ sí ògiri. A ṣì ń lọ lọ́jọ́ Àìkú. Mo máa ń mú aṣọ tí mo fẹ́ rán etí rẹ̀ dání sínú ọkọ̀. Bí oòrùn bá yẹ̀, a ó kírun ní etí odò, a ó wọ takisí padà sílé wa ní Banifandou.