Tìróò Ìyá Mi

Ìyá mi ò fọkàn tán tìróò ọjà rárá. Wọ́n ní èédú làwọn oníjìbìtì ń lọ̀ tà. Òkúta dúdú tó ń dán ni ìyá mi fúnra wọn máa ń rà, wọn á jókòó sẹ́yìnkùlé wa ní Àpáta, wọn á máa lọ̀ ọ́ títí á fi kúnná bí àtíkè. Bí wọ́n ṣe ń lé e fún mi ní kékeré nìyẹn. Nígbà tí wọ́n wá ń gbé lọ́dọ̀ wa, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í lé e fún ọmọbìnrin mi náà.

Ọmọ náà pé ọdún mẹ́rìnlá, ìwà rẹ̀ bá yí padà. Orí ń fọ́ ọ, inú ń run ún, ó ń kanra mọ́ gbogbo wa. Bí mo bá ní kó lọ mú iyọ̀ wá, á dé kíṣìnì, á dúró, á máa wolẹ̀. Olùkọ́ rẹ̀ ní ṣe ló kàn máa ń tẹjú mọ́ pátákó lásán. Mo ní ọmọ tó ń bàlágà ni, èmi náà burú jù bẹ́ẹ̀ lọ nígbà tèmi. Ìyá mi ní ojú ló ń yọ ọ́ lẹ́nu. Ló bá di pé wọ́n ń lé tìróò fún un láràárọ̀ kó tó lọ síléèwé.

Orí fífọ́ náà ò lọ, ni mo bá mú un lọ sí ilé ìwòsàn kan ní Ring Road. Dókítà náà, obìnrin kan tí kò tó àbúrò mi lọ́jọ́ orí, ń bi mí láwọn ìbéèrè tí mi ò mọ ìdí wọn. Ṣé ọ̀dà ara ògiri wa ń bó? Rárá. Ṣé ẹnì kan ń tún bátìrì ọkọ̀ ṣe nítòsí wa? Rárá. Ó wá sún mọ́ ọmọ náà.

"Mà, kí lẹ fi sí i lójú?"

Ẹ̀rín pa mí. "Tìróò ni. Ìyá mi ló lọ̀ ọ́. Ojúlówó ni."

Kò bá mi rẹ́rìn-ín. Ó ní kí wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀.

Nígbà tí a padà lọ gba èsì àyẹ̀wò náà, ó ní òjé wà nínú ẹ̀jẹ̀ ọmọ mi. Òjé kẹ̀! Èyí tó wà nínú bátìrì ọkọ̀? Ó ní inú òkúta tìróò yẹn ló ti ń wá, pé bí ọmọ bá fọwọ́ nu ojú, tó tún fi ọwọ́ náà jẹun, ó ti gbé e mì nìyẹn. Kò pọ̀, ó ní, ṣùgbọ́n èyí tó kéré náà lè pa ọpọlọ ọmọ lára. Kí a dá tìróò náà dúró lọ́jọ́ náà gan-an.

"Èyí tó ti bàjẹ́ ńkọ́? Ṣé á padà bọ̀ sípò?"

"Mi ò fẹ́ parọ́ fún yín, mà. A ò tíì lè mọ̀."

Ẹ̀rù bà mí débi pé mi ò rántí bí a ṣe délé. Ìyá mi ò bá mi jiyàn. Wọ́n kàn ń tẹjú mọ́ àtẹ́lẹwọ́ wọn, wọ́n ń sọ pé, "Ọwọ́ mi yìí ni mo fi lọ̀ ọ́."

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọmọ náà wá bá mi ní pálọ̀, kò sí tìróò lójú rẹ̀ mọ́.

"Mọ́mì, mo fẹ́ bi yín ní nǹkan kan."

"Kí ni?"

Ó lanu, ó tún pa á dé. "Mo ti gbàgbé."

Gbogbo èèyàn ló ń gbàgbé nǹkan, mo mọ̀. Òun náà rẹ́rìn-ín, ó fẹ́ máa lọ. Ṣùgbọ́n àyà mi ti já. Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Jọ̀ọ́," mo ní, "dúró ná. Rántí ẹ̀."