Fọ́tò Tí Wọ́n Yà Kí Ìdíje Tó Parí

Mi ò fọkàn tán ìrántí mi nípa ohun púpọ̀ tó ṣẹlẹ̀ lọ́dún yẹn, nítorí ebi àti ìrìn ẹsẹ̀ ti da ọjọ́ pọ̀ mọ́ ọjọ́ fún mi. Epo ọkọ̀ wọ́n débi pé ẹsẹ̀ ni àwa akẹ́kọ̀ọ́ Àkúrẹ́ fi ń rìn láti ilé tí a háyà dé kíláàsì. Ìyá mi, tó ń kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Oǹdó, kò lè fi oúnjẹ ránṣẹ́ sí mi mọ́. Ṣùgbọ́n ìbínú fọ́tò yẹn kò dàrú mọ́ mi lójú rí.

Hakatọ́ọ̀nù àkọ́kọ́ tí mo lọ nìyẹn: ìdíje tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti ń fi ọjọ́ méjì kọ ètò kọ̀ǹpútà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé ìparí, kí àwọn adájọ́ tó yẹ̀ ẹ́ wò. Àwa mẹ́ta la jọ lọ. Ètò tí a fẹ́ kọ yóò jẹ́ kí àwọn àgbẹ̀ Ìta-Ògbólú tí ẹrù wọn kò kún ọkọ̀ rí ara wọn lórí fóònù, kí wọ́n lè jọ háyà ọkọ̀ kan wọ Àkúrẹ́.

Nítorí pé a ò lọ irú rẹ̀ rí, a rò pé bí ìgbà tí èèyàn ń gbèjà iṣẹ́ àṣekágbá níwájú àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n ló ń rí. A wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun lórí ṣòkòtò dúdú, a sì so táì. Nígbà tí a wọ gbọ̀ngàn, ẹ̀wù ọlọ́rùn róbótó àti sílípáàsì ni gbogbo èèyàn wọ̀.

"Ẹ wo àwọn lọ́yà," ẹnì kan wí láti ẹ̀yìn. "Ẹjọ́ ta lẹ wá rò?"

Ọ̀sán ti pọ́n, iṣẹ́ sì ti wọ̀ wá lára, kí àlejò pàtàkì tí wọ́n pè tó dé. Wọ́n ní kí gbogbo wa pa kọ̀ǹpútà dé. Wọ́n tún àdúrà ìbẹ̀rẹ̀ gbà nítorí rẹ̀, wọ́n tún orin orílẹ̀-èdè kọ. Ó sọ̀rọ̀ títí. Lẹ́yìn náà ló ní òun ń lọ, àmọ́ òun fẹ́ ya fọ́tò pẹ̀lú àwọn olúborí. Olúborí wo? Ìdíje kò tíì dé ìdajì.

Akọ̀wé ìdíje náà wo gbọ̀ngàn yíká, ojú rẹ̀ sì bà lé táì wa.

"Ẹ̀yin tẹ́ ẹ múra bí ọmọ èèyàn, ẹ bọ́ síwájú."

"Sà, iṣẹ́ wa ò tíì ṣí rárá," ni ọ̀kan nínú àwọn ẹlẹgbẹ́ mi wí.

"Ta ló bi yín léèrè iṣẹ́? Fọ́tò lásán ni. Ẹ di bọ́ọ̀dù yìí mú, ẹ rẹ́rìn-ín."

"Ipò Kìíní" ni wọ́n kọ sára bọ́ọ̀dù náà. Ẹni tó pè wá ní lọ́yà kígbe: "Ẹ kú oríire o! Ẹjọ́ ò tíì bẹ̀rẹ̀, ẹ ti jàre!"

Àìmọye ìgbà ni mo ti fẹ́ búra pé mi ò rẹ́rìn-ín. Eyín mi hàn nínú fọ́tò. Bóyá ìbínú ọjọ́ kejì ni mo ń gbé wọ ọjọ́ kìíní. Bóyá inú mi tiẹ̀ dùn díẹ̀. Ohun tó dá mi lójú ni pé kò sí ẹni tó bi wá bóyá a fẹ́.

Lọ́jọ́ kejì, níwájú àwọn adájọ́, ètò wa ṣí, ó sì dúró gbagidi, kò ṣiṣẹ́ mọ́. Ọmọbìnrin kan tó wọ sílípáàsì àti ikọ̀ rẹ̀ ló borí, ó sì tọ́ sí wọn. Fọ́tò tiwọn kò jáde níbì kankan, nítorí àlejò pàtàkì kò sí nínú rẹ̀. Tiwa ti kárí orí fóònù. Mo lọ bẹ akọ̀wé pé kó yọ ọ́ kúrò.

"Ṣé orúkọ yín wà níbẹ̀ ni?" ó ní. "'Àwọn olúborí' la kọ. Ìwọ ọmọ yìí, àwọn ẹgbẹ́ rẹ ń wá irú ẹ̀."

Bí ẹni pé oore ló ṣe mí!

Ìyá mi ti rí i. Ó pè mí, kò sì jẹ́ kí n lanu: "Ọmọ mi, ojú ti ọ̀tá! Mo ti sọ fún wọ́dìn ìjọ, Sọ́ńdè yìí la máa dúpẹ́. Tètè máa bọ̀." Owó ìpè rẹ̀ tán.

Ní Sátidé, mo bá a ní Oǹdó níbi tó ti ń fi áyọ́ọ̀nù eléédú lọ aṣọ tí yóò wọ̀. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un.

"Ìwọ kọ́ ló wà nínú fọ́tò ni?"

"Èmi ni, Mọ́mì."

"Wọ́n mọ̀ pé ẹ ò tíì borí, wọ́n fi bọ́ọ̀dù lé yín lọ́wọ́?"

"Wọ́n mọ̀, mà."

Ó gbé áyọ́ọ̀nù kalẹ̀. "Gbogbo ẹgbẹ́ ìyá ló ti gbọ́. Ká fi ìgbàgbọ́ dúpẹ́ ná. Ti ọdún tó ń bọ̀ ni Ọlọ́run máa kà á sí."

Mo ní mi ò ní jó nítorí ohun tí mi ò gbà. Ó tún gbé áyọ́ọ̀nù rẹ̀.

Ní ọjọ́ Ìsinmi, wọ́dìn pe ìdílé wa, "tí ọmọ wọn gba ipò kìíní ní Àkúrẹ́." Dùrù bẹ̀rẹ̀. Mo di ìjókòó mú, mo wo ìyá mi. Kò dìde. Wọ́dìn tún pè, gbogbo orí sì yí sí wa. Nígbà náà ni ìyá mi fi èdè Oǹdó dá a lóhùn láti ibi tó jókòó sí, bí ó ti máa ń bá àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ wí, pé ọmọ òun kò gba ipò kankan, pé kó ránṣẹ́ pe àwọn tó ya fọ́tò náà kí wọ́n wá jó.

Lónìí, ó ní òun ò sọ ju "Rárá" lọ. Ó ṣeé ṣe. Ṣùgbọ́n dùrù dákẹ́.