Ìyá Onídìrí Àti Ọmọ Wọn Lórí Bẹ́ǹṣì

Ìyá tó ń dirun fún mi ní àdúgbò Wedding nílùú òyìnbó kì í wo bọ́ọ̀lù agbọ̀n jẹ́jẹ́. Ọmọ wọn wà nínú ẹgbẹ́ yunifásítì kan ní Amẹ́ríkà, àmọ́ kì í kúrò lórí bẹ́ǹṣì. Sáà tuntun ò tíì gbóná, Ìyá ti fi ẹnu lé kóòṣì kúrò lẹ́nu iṣẹ́ láti inú ṣọ́ọ̀bù wọn. Wọ́n á nawọ́ sí agbábọ́ọ̀lù mìíràn nínú tẹlifíṣọ̀n: "Wo eléyìí, ó ga bí òpó iná, kò lè fò!"

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, kóòṣì pe ọmọ wọn wọlé. Ìyá fi irun mi sílẹ̀, wọ́n fi táwẹ́ẹ̀lì bojú.

"Bá mi wò ó. Ṣé ó ti ju bọ́ọ̀lù?"

"Ó ti jù ú, mà. Kò kan agbọ̀n rárá."

Inú bí wọn. "Ta ló gbé agbọ̀n jìnnà sí ọmọ ọlọ́mọ báyìí?"