Ọ̀nà Ibojì Ìyàwó Mi Ti Di Pálọ̀ Ẹlòmíì

Àbẹ̀kẹ́ ìyàwó mi kú nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tó kọjá. Abà wa lọ́nà Iba la sin ín sí.

Gbogbo ọjọ́ Jímọ̀ ni mo ń ti ilé mi ní Ọ̀jọ́ rìn lọ kí i.

Òjò wá dá mi dúró sílé fún oṣù mélòó kan. Nígbà tí mo padà lọ lónìí, ilé tuntun kan ló jókòó gbagidi sórí ọ̀nà mi! Ilé ló kún ọ̀tún, ilé ló kún òsì, kò síbi tí mo lè gbà yà. Mo bá ṣílẹ̀kùn, mo wọlé.

Ìyàwó onílé ń jẹ ẹ̀kọ. Ó ní, "Bàbá, pálọ̀ wa rèé o!"

Mo ní, "Ọ̀nà mi ni. Ẹ máa jẹun yín."

Kí n tó dé ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, "Ẹ kú ilé o!" ti ń dún lẹ́yìn mi. Obìnrin ẹlẹ́ja kan, adẹ́mu kan àti ewúrẹ́ kan ti tẹ̀ lé mi wọlé.

Ìyàwó onílé lọgun: "Ta ló tiẹ̀ ta ọ̀nà fún ọkọ mi?"

Mo yára gba ẹ̀yìn jáde. Èmi ni mo ta ilẹ̀ náà fún un. Ọwọ́ mi yìí ló gbin pèrègún sí ààlà ilẹ̀ náà, tí mo gbàgbé láti yọ ọ̀nà sílẹ̀.

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, bí ẹ bá rẹ́rìn-ín tán, ẹ gbà mí nímọ̀ràn.

Sàfúrátù, àkọ́bí mi, ọwọ́ rẹ ni ọ̀rọ̀ wà. Lọ bẹ̀ wọ́n kí wọ́n má ti ilẹ̀kùn ẹ̀yìn lọ́jọ́ Jímọ̀. Ojú ń ti èmi.