Ẹsẹ̀ Tí Mo Rí Nínú Sinimá

Ọyẹ́ mú lówùúrọ̀ ọjọ́ náà débi pé a kò rí òkè ẹ̀yìn ìlú. Eruku bo ewé, ètè mi là, oòrùn sì rí bí abọ́ tánganran tí wọn kò fọ̀. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà ìyá arúgbó tí ń hun kíjìpá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé wa l'Ọ̀mù-Àrán, mo di ìwé mi mú.

Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dá ìpínlẹ̀ Kwara sílẹ̀ nígbà náà. Ọkọ̀ sinimá ìjọba ti wá sí pápá iléèwé wa lọ́sẹ̀ yẹn, wọ́n fi àrùn sòbìà hàn wá. Tíṣà ní kí kálukú kọ bí sinimá náà ṣe rí lójú rẹ̀, kí a kà á sókè níwájú gbogbo iléèwé.

Ìyá náà kò mọ̀wé, ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni mo ti máa ń ka iṣẹ́ iléèwé mi. Yóò jókòó nídìí òfì, ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ tí sòbìà ń jẹ yóò nà jáde, ewé àti epo pupa lára rẹ̀. Òórùn epo yẹn dà pọ̀ mọ́ ti aró. Apásà, igi pẹlẹbẹ tó fi ń gbá òwú mọ́ra, ń dún gbà, gbà, gbà.

Lánàá rẹ̀ mo ti ka ti àkọ́kọ́ fún un: "Sòbìà jẹ́ àrùn búburú. Ìjọba ń gbìyànjú fún wa. Ẹ máa sẹ́ omi yín."

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?"

"Ọkùnrin tó di ẹ̀rọ gbohùngbohùn mú ni, Ìyá."

"Mo gbọ́ tirẹ̀ láti ilé. Ẹsẹ̀ ni kò jẹ́ kí n dé pápá, etí mi ò di. Ìwọ ńkọ́, àbí o sùn?" Ó rẹ́rìn-ín. "Bí mo bá ní kí o hunṣọ, tí o gbé ti ìyá rẹ wá, ṣé o hun nǹkan kan? Lọ kọ èyí tí ojú rẹ rí."

Ohun tí ojú mi rí gan-an ni kò ṣeé sọ. Bí mo bá kà á fún ìyá náà, ó lè lé mi. Láàárọ̀ ọyẹ́ yìí, mo wọlé, mo kí i, mo kà á:

"Mo rí obìnrin kan tó ti ẹsẹ̀ egbò bọ adágún. Sòbìà tú ọmọ rẹ̀ sínú omi, àwọn mìíràn sì pọn omi náà lọ mu. N kò wo ojú obìnrin náà mọ́. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ni mò ń wò, torí mo mọ irú ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀. Lẹ́ẹ̀rùn ọdọọdún, ẹni tó ni ín máa ń wọ adágún ẹ̀yìnkùlé wa kí ìrora rẹ̀ lè rọlẹ̀. Sòbìà ti dá ẹ̀gbọ́n mi dùbúlẹ̀ láti oṣù tó kọjá, kò lè lọ oko. Ẹ̀rù bà mí nídìí sinimá náà, torí mo fẹ́ràn ẹni tó ni ẹsẹ̀ yẹn."

Ó gbé apásà lélẹ̀.

"Tún un kà."

Mo tún un kà. Ó wo ẹsẹ̀ rẹ̀ títí.

"Wọn á mọ̀ pé èmi ni."

"Mo lè yọ ibẹ̀ kúrò, Ìyá."

"Bí o bá fa òwú yọ láàrin aṣọ, ihò ni yóò kù. Kà á bẹ́ẹ̀ lọ́la. Má jẹ́ kí ohùn rẹ gbọ̀n."

Ó tún mú apásà rẹ̀. Mo jáde láìmọ̀ bóyá ó bínú.

Pírámárì kẹrin ni mo ti kúrò níléèwé. Àwọn ọmọ ọmọ mi ń fi sinimá hàn mí lórí fóònù báyìí, wọ́n á ní, "Ìyá àgbà, ṣé ó dùn?" N kì í sọ ohun tí gbogbo ayé ń sọ. Mo máa ń sọ ibi tó ti kàn mí, kódà bí kò bá dùn mọ́ wọn.

Ní ọjọ́ kejì tí mo ka ìwé náà fún un, kí n tó lọ iléèwé, mo bá ìyá náà létí adágún, ó fi ọ̀pá ti ara rẹ̀ ní ilẹ̀ gbígbẹ. Ọ̀kan nínú àwọn obìnrin tó ń pọnmi bi í pé:

"Ìyá, ẹ ò wọmi lónìí?"

"Wọ́n ti fi ẹsẹ̀ mi ṣe sinimá," ló wí. "Kò gbọdọ̀ wọmi mọ́. Ẹ bi ọmọ yìí, ó kọ ọ́ sílẹ̀."

Ó na akèrègbè rẹ̀ sí mi, kí n bá òun bu omi.