Èékánná Delbert Stroud

A kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé bàbá ẹni, ṣùgbọ́n ọwọ́ òsì ni Delbert Stroud fi gba orúkọ nílùú olówùú wa ní Kàròláínà. Òun ló ń ju bọ́ọ̀lù fún ẹgbẹ́ bésíbọ́ọ̀lù ilé-iṣẹ́ òwú. Kì í jù ú kó le. Orí èékánná ló ń gbé e lé, tó bá sì ti kúrò lọ́wọ́ rẹ̀, kì í yí rárá. Ṣe ni yóò máa ta gọ́ọ́gọ̀ọ́ bọ̀ bí ọ̀mùtí tó ń wá ilẹ̀kùn ilé rẹ̀. Onígi tó dúró de bọ́ọ̀lù á fi gbogbo agbára gbá a, afẹ́fẹ́ ni yóò bá.

Nítorí èékánná yìí, Delbert kì í fọ abọ́, kí omi gbígbóná má baà sọ ọ́ di rírọ̀. Verna ìyàwó rẹ̀ ló ń fọ̀ ọ́, òun náà ló ń bá a rẹ́ èékánná. Àwọn òṣìṣẹ́ ẹgbẹ́ rẹ̀ á máa pe Delbert ní obìnrin, wọ́n á fi í ṣe yẹ̀yẹ́ nídìí ẹ̀rọ òwú:

"Ìyáàfin Stroud, ẹ kú oge o! Ọ̀dà wo la fẹ́ kùn lónìí?"

"Pupa ni, kó lè bá ojú ọ̀mùtí yín mu ní Sátidé," ni Delbert á fèsì.

Wàhálà ibẹ̀ ni pé bọ́ọ̀lù tí kò ṣeé gbá, kò ṣeé hán. Hoyt Pruitt, ọ̀rẹ́ rẹ̀, ló ń lóṣòó lẹ́yìn onígi láti hán an. Ìka rẹ̀ ti kán lẹ́ẹ̀mejì nídìí iṣẹ́ náà.

Delbert ti pé ọmọ ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n nígbà tí ọkùnrin kan tó ń wá ajùbọ́ọ̀lù fún ẹgbẹ́ ńlá mú ìwé dání wá wò ó. Gbogbo wa mọ̀ pé bí kò bá mú un lọ́jọ́ náà, ó parí nìyẹn.

Ẹgbẹ́ wa fi àmì ayò kan ṣáájú. Ó ku onígi kan, ó sì ti tàsé lẹ́ẹ̀mejì. Bó bá tàsé lẹ́ẹ̀kan sí i, a ti jẹ. Ṣùgbọ́n àwọn méjì nínú ẹgbẹ́ onígi náà ti dúró lórí pápá, wọ́n ń retí àtisáré wọlé bí bọ́ọ̀lù bá bọ́ lọ́wọ́ Hoyt. Ó sì ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì lọ́sàn-án ọjọ́ náà.

Hoyt na ìka sí i pé kó ju ti èékánná. Delbert mirí. Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́, ẹ̀rù ló bà á. Ó ju èyí tó ń lọ tààrà, onígi sì gbá a kọjá ọgbà, òun àti àwọn méjì yẹn sáré wọlé, a sì pàdánù.

Ọkùnrin ẹgbẹ́ ńlá náà pa ìwé rẹ̀ dé.

Hoyt rìn bá Delbert. "Kí ló dé tí o ò ju tìẹ?"

"Mo rò pé yóò bọ́ mọ́ ẹ lọ́wọ́ ni."

"Ọdún mọ́kànlá rèé, Delbert. Ọwọ́ mi kán, ó tún kán. Ọjọ́ wo ni mo ní kó o má jù ú?"

 Nígbà tí òun àti Verna jẹun ìrọ̀lẹ́ tán nílé, Delbert kó abọ́ jọ, ó ti ọwọ́ òsì bọ omi gbígbóná, ó ń fọ̀ ọ́. Verna wò ó, kò dá a dúró.