Ewé Inú Òkúta àti Ẹsẹ̀ Bàbá Mi

Mo ṣì kéré gan-an nígbà tí bàbá mi kú, débi pé mi ò rántí ojú wọn rárá. Kò sí fọ́tò wọn nílé. Ipa ẹsẹ̀ wọn kan ṣoṣo ni mo mọ̀, lẹ́nu ọ̀nà ilé wa ní Òkòkòmáíkò, níbi tí wọ́n ti ṣèèṣì tẹ sìmẹ́ńtì kó tó gbẹ. Ẹ̀yin tí fọ́tò kún inú fóònù yín, ẹ má fi mí rẹ́rìn-ín o. Ẹsẹ̀ yẹn ni bàbá mi.

Ìyá bàbá mi a máa ní kí n ti ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́. Wọ́n á wá fọwọ́ tọ́ ìka kejì tó gùn ju àtàǹpàkò lọ. "Ẹni bíni là á jọ. Ẹsẹ̀ ilé wa rèé." Tí wọ́n bá bímọ nílé wa, ẹsẹ̀ ni ìyá àgbà máa ń kọ́kọ́ wò, kí wọ́n tó béèrè bóyá ọkùnrin ni tàbí obìnrin. Wọ́n á fi àdín pa ẹsẹ̀ náà, wọ́n á sì gbé ọmọ pọ̀n.

Nígbà tí wọ́n ń fẹ ọ̀nà Àgbádárìgì, katapílà wó ilé náà, ó kó sìmẹ́ńtì ẹnu ọ̀nà lọ. Gbogbo àwa tí a jọ ń ti ẹsẹ̀ bọ ibẹ̀, èmi nìkan ló kù. Ìbà Estate ni mò ń gbé báyìí, ilé á kàn pa lọ́lọ́. Ọmọ-ọmọ mi kan ṣoṣo wà ní Kánádà, mi ò gbé e rí. Inú fóònù ni mo ti ń rí i, tòun ti ìbọ̀sẹ̀ nítorí òtútù. Kò gbọ́ èdè mi. Ẹ̀rù ń bà mí pé ọ̀dọ̀ mi ni ilé wa máa parí sí.

Láìpẹ́ yìí, ìyá rẹ̀, ọmọ mi, fi òkúta pẹlẹbẹ kan rán ẹni tó ń bọ̀ wálé sí mi. Àwòrán ewé wà lára rẹ̀, ó ya ìka bí àtẹ́lẹwọ́. Nígbà tí ọmọ mi pè mí lórí fóònù, ó ní ewé igi kan tí wọ́n ń pè ní mépù ni, ó bọ́ sínú ẹrẹ̀ láyé àtijọ́, ẹrẹ̀ sì di òkúta. Mo bi í bóyá irú èyí tó wà níwájú ilé wọn ni.

"Rárá o, Mọ́mì. Irú ìyẹn ti kú tán láyé. Àwọn tiwa yìí, fámílì ẹ̀ ni wọ́n. Etí ewé wọn yàtọ̀ díẹ̀, àmọ́ ẹ wo bí gbogbo iṣan yẹn ṣe yọ láti ìdí kan náà. Ibẹ̀ ni wọ́n fi ń dá wọn mọ̀."

Mo ní kó bọ́ ìbọ̀sẹ̀ ọmọ náà kí n rí ẹsẹ̀ rẹ̀.

"Há, Mọ́mì! Nínú òtútù yìí?"

Ṣùgbọ́n ó bọ́ ọ. Ẹsẹ̀ kékeré náà kún ojú fóònù, ìka kejì sì gùn ju àtàǹpàkò lọ. Mo sunkún. "Ẹsẹ̀ ilé wa rèé," ni mo wí. Ọmọ náà rẹ́rìn-ín, ó fa ẹsẹ̀ rẹ̀ padà, ó sì sá lọ ṣeré.

Ayé ti yí, ẹ̀yin ọmọ mi. Ìyá àgbà rí ẹsẹ̀, wọ́n fi àdín pa á, wọ́n gbé ọmọ pọ̀n. Èmi náà rí tèmi, mi ò rí i gbé. Òkúta yẹn ni mo gbé lé itan títí ilẹ̀ fi ṣú.